Ẹ Má Tíì Ta Ọpẹ́lọpẹ́, Bàbá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá kúnlẹ̀ síta lónìí, yìnyín ni yóò gba orúnkún mi. Ganíyù àbúrò mi, mo kí ọ. Mo kí Ìyá Àgbà nínú yàrá wọn, mo kí gbogbo ará ilé wa lọ́kùnrin lóbìnrin, mo kí Ọ̀gá Ràímì mẹkáníìkì wa, tí mo mọ̀ pé yóò ti jókòó sórí táyà lẹ́nu ọ̀nà wa nígbà tí ẹ bá ń ka èyí. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Èmi wà ní àlàáfíà, alihamudulilai.

Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí Sìdíkátù kò fi pè wá lórí fóònù, tó lọ gbé ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀bi yín ni. Bí mo bá sọ nǹkan fún yín lórí fóònù, ẹ ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú tí mo wà kò dára, ẹ ó sì gbé fóònù fún Màámi. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìròyìn Yorùbá yín bá ti jáde, tí ẹ kírun Alásárì tán, tí ẹ gbé awò ojú wọ̀, kò sí ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ tí ẹ kì í gbà gbọ́. Ìgbà kan tí wọ́n kọ ọ́ pé ìbẹ́pẹ dára fún àgbàlagbà láàárọ̀, ìbẹ́pẹ la jẹ nílé wa títí tí ewúrẹ́ fi ń sá fún èèpo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ olóòtú pé kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì ta kókó: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta Ọpẹ́lọpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ilé wa tí ẹ sì ń bá wa kà á, ẹ jẹ́ kí n mú yín mọ̀ ọ́n. Ọpẹ́lọpẹ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù bàbá mi. Kì í ṣe tírélà, kì í sì í ṣe ọkọ̀ kékeré, ó wà láàárín méjèèjì. "Ọpẹ́lọpẹ́ Olúwa" ni wọ́n kọ síwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà apá kan ti bó, Ọpẹ́lọpẹ́ ló kù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń ru ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo láti Kúta àti Olúpọ̀nnà wá sí Ìwó, nígbà mìíràn a sì máa dé Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà.

Láti ọdún tó kọjá ni bàbá mi ti ń sọ pé ohùn ẹ́ńjìnnì náà ti yí. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ó máa ń fọn fèrè tín-ínrín kan bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, pé fèrè ọ̀hún ti dákẹ́, pé ìró wúwo kan ló kù tó ń kùn bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́nu. Nílé wa, bí Bàbá bá ti ní ẹ́ńjìnnì ń kú, ó ń kú náà ni. Ta ló mọ ẹ́ńjìnnì tó wọn? Ni wọ́n bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù wá wò ó, wọ́n fẹnu kò, ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá pẹ̀lú iná tí wọ́n fi ń gé irin. Kó wá gé kí ni? Ọpẹ́lọpẹ́! Ọjọ́ tí Ganíyù sọ ọ́ fún mi, oúnjẹ ọ̀sán mi kò wọlé.

Bàbá, ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí mo gbọ́ pé ẹ ń sọ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí pé ọ́fíìsì ni mo wà. Ọ́fíìsì kọ́. Pápá gbalasa kan ni, ní ìlú òtútù kan ní Kánádà, tí wọ́n ń kó ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù wá: èyí tó ń pín búrẹ́dì, èyí tó ń kó ẹrù ilé, èyí tó ń kó pàǹtí ìgboro. Bí ọkọ̀ bá ti dàgbà tí àwọn tó ni ín kò fẹ́ ẹ mọ́, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ọkọ̀ ni mo ń fọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Nísinsìnyí, èmi àti ọ̀gá wa la ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò, tí a ń sọ èyí tó ṣì lágbára láti rin ọ̀nà jíjìn àti èyí tí a ó tú palẹ̀. Iṣẹ́ yìí ń dùn mọ́ mi débi pé mo máa ń jí kí aago tó dún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní kí ló ń ṣe mí. Mo ní ẹ lọ bi bàbá mi. Ta ló ń gbé ọmọbìnrin jókòó sórí ìdérí ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ láti Kúta dé Ìwó, tí kò fẹ́ kó ya wèrè ẹ́ńjìnnì?

Òtútù ibí kò ṣeé fẹnu sọ. Bí ẹ bá mí sínú, irun inú imú yín á dì. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù fún mi kì í ṣe òtútù, àìsí ìkíni ni. Ẹ ó wọ ibi iṣẹ́, ẹ ó rí ènìyàn, á mi orí sí yín, ó tán. Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ kú òtútù, kò sí ṣé dáadáa lẹ jí. Lọ́dún tí mo dé, mo máa ń sunkún nínú balùwẹ̀ nítorí ìkíni lásán. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ọkọ̀. Bí mo bá dé láàárọ̀, màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, màá ní ẹ kú àárọ̀ o, ṣé ẹ sùn dáadáa. Ọ̀gá wa rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Ará Íńdíà ni, ó ti dàgbà, ó sì ti tún ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ṣe ní ìlú púpọ̀ kó tó wá jókòó síbí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa ṣe é lọ, pé ọwọ́ tí mò ń gbé lé e yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n.

Ẹ wò ó, Bàbá, ẹni tó fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ máa ń tan án sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kì í sọ òótọ́. Àwa gan-an la sì máa ń tètè kó sí páńpẹ́ yìí. Bí a bá lọ ra nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, a ó kí i, a ó béèrè ilé, a ó béèrè ọmọ, yóò gbé oúnjẹ kalẹ̀, a ò sì ní kọ̀ ọ́ nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí a ó fi fọ ọwọ́ oúnjẹ tán, ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, olówó ẹ́ńjìnnì ti ń rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ọwọ́ lórí ẹ́ńjìnnì kó tó kan oúnjẹ. Bó bá tutù, kí wọ́n tan án lójú yín, kí ẹ sì wo èéfín. Èéfín funfun díẹ̀ láàárọ̀ tó sì pòórá kì í ṣe nǹkan kan. Èyí tó bá dúdú, dísẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ jù tàbí atẹ́gùn ni kò tó, ó ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ní àwọ̀ bí aró tó ti ṣá, tó ń rùn bí ọ́ìlì jíjó, tí kò sì fẹ́ lọ, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń mu. Ẹ dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ onílé, kí ẹ máa lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìdérí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ ṣí ìdérí ihò tí a ń rọ ọ́ìlì sí lókè, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ gbé e lé ihò náà láì dè é. Bí inú ẹ́ńjìnnì bá ti jẹ, agbára tó yẹ kó máa ti ọkọ̀ lọ á máa jò gba ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, á máa ta ìdérí yẹn. Bí inú rẹ̀ bá ṣì le, ìdérí á kàn máa gbọ̀n díẹ̀ níbi tó wà. Ọkọ̀ búrẹ́dì kan wá lọ́jọ́ kan, wọ́n ti kùn ún, ó ń dán, ohùn rẹ̀ dùn débi pé èmi ti ń yìn ín fún ọ̀gá wa. Ó ní kí n gbé ìdérí lé e. Bàbá, ìdérí yẹn fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lọ sábẹ́ ọkọ̀ kejì. Ọ̀gá wa ní kí n lọ wá a, kí n sì máa bi í nìṣó pé kí ló lé e.

Ọ́ìlì pẹ̀lú máa ń tan ènìyàn jẹ. Àwọn kan á fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, wọ́n á rí i pé ó dúdú, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì ti kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì máa ń dúdú ni, kò ní pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá rọ tuntun. Èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni èyí tó funfun bí ẹ̀kọ mímu, torí omi ti wọ inú rẹ̀, tàbí èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi ìka méjì ra á, ó ń ha yín bí iyanrìn. A kì í sì í gba máìlì ojú aago ọkọ̀ gbọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó wa ọkọ̀ la ń béèrè, àti irú ọ̀nà tó wà á. Ọkọ̀ tó ń dúró tó tún ń lọ láti ojúlé dé ojúlé máa ń tètè gbó ju èyí tó ń na ọ̀nà tààrà lọ. Èyí tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, tí ó jẹ́ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bíi ti yín, ó lè sin bàbá kó tún sin ọmọ.

Gbogbo èyí ni mo ní kí Ganíyù ṣe fún Ọpẹ́lọpẹ́, kó ká a sí fídíò, kó fi ránṣẹ́ kí èmi àti ọ̀gá wa jọ wò ó. Fídíò dé. Ha! Ẹ́ńjìnnì ń dán bí ìkòkò tuntun. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀, adìyẹ Màámi ń mu nínú rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Mo pe Ganíyù. Ó ní báwo lòun ṣe máa gbé Ọpẹ́lọpẹ́ jáde fún òyìnbó láì wẹ̀ ẹ́, ṣé mo fẹ́ kí ojú ti Bàbá ni. Mo ní ará Íńdíà ni ọ̀gá wa. Ó ní ìyẹn náà òyìnbó ni. Ó tún ní òun ti kọ́kọ́ tan án sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó má baà wúkọ́ níwájú àlejò. Ẹ wo ọmọ yín o! Gbogbo ibi tí ọ́ìlì ìbá ti jò ká rí i, ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dànù nítorí ìwà ọmọlúàbí.

Mo ní kó lọ ru ẹ̀gẹ́ Kúta fún ọ̀sẹ̀ kan, kó má nu ohunkóhun, kó wá gbé e sílẹ̀ mọ́jú, kó tutù. Bí yóò bá jò, kó jò. Bí yóò bá wúkọ́, kó wúkọ́. Ó kùn, ṣùgbọ́n ó lọ.

Fídíò kejì ló jẹ́ kí n máa kọ lẹ́tà yìí. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, ẹ̀yin ṣì wà ní mọ́ṣáláṣí fún Àsùbáà. Ganíyù gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó ní ó tutù. Ó tan án. Ọpẹ́lọpẹ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tu èéfín funfun, ó mi ara bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní, ó sì dìde. Kò pẹ́, èéfín ti lọ. Ganíyù dojú ìdérí dé, ó gbé e lé ihò. Bàbá, ìdérí yẹn jókòó! Kò fò, kò yẹ̀, ó kàn ń gbọ̀n níbi tó wà. Mo pariwo lójú gbogbo ènìyàn, èmi tí wọ́n rò pé kì í sọ̀rọ̀. Ganíyù fi ìka ra ọ́ìlì, kò sí iyanrìn. Omi rédíétọ̀ mọ́. Nísàlẹ̀, ọ́ìlì kán díẹ̀, kò ju òógùn ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ. Ó wá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, fèrè sì dún. Fèrè yín! Ó tín-ínrín, ó mọ́, ó gòkè bó ṣe máa ń gòkè nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí a bá ru ẹ̀gẹ́ kún tí ẹ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má dójú tì yín lórí òkè. Ọ̀gá wa ní kí n dá fídíò padà sẹ́yìn kí òun tún un gbọ́. Ó bi mí pé ta ló tọ́jú ẹ́ńjìnnì yìí. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní ṣé ẹ lè wá bá àwa ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ pè yín lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n fídíò kò tíì tán, ìgbà náà lẹ sì dé láti mọ́ṣáláṣí. Ganíyù ṣì ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ tẹ́tí, ẹ mi orí, ẹ ní ṣé ó gbọ́ báyìí, pé fèrè ti dákẹ́ pátápátá. Bàbá, fèrè ń dún lọ́wọ́. Ó ń dún débi pé agbára káká ni mo fi gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ganíyù sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ó ti dákẹ́. Ó wá pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo àyíká pa lọ́lọ́. Màámi pè yín látẹ̀yìn pé ẹ wá mu ẹ̀kọ kó tó tutù. Ẹ kò yíjú. Wọ́n tún pè, ẹ kò yíjú. Wọ́n wá rìn wá bá yín, wọ́n fọwọ́ kàn yín léjìká, ẹ sì yíjú rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ọ̀gá wa tí kò gbọ́ Yorùbá bi mí pé kí ni obìnrin yẹn ń sọ. Mo ní ó ń pe ọkọ rẹ̀ ni. Ó fọwọ́ sí etí ara rẹ̀, ó yọ nǹkan kékeré kan tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́, mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ní òun ni òun fi ń gbọ́ràn, pé ariwo ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ló jẹ òun létí. Ó ní ohùn tín-ínrín ló kọ́kọ́ máa ń lọ, fèrè, ẹyẹ, ohùn obìnrin, ohùn ọmọdé. Ìró wúwo ló máa ń kù sẹ́yìn. Ó ní òun ti tú ẹ́ńjìnnì tí kò lárùn kankan palẹ̀ rí, tí òun ń wá ohùn tó sọnù nínú rẹ̀.

Bàbá mi, ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí. Etí yín ni.

Mo ti sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, ẹ má bínú sí mi. Mo sunkún díẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí omijé tán, inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ó sì ń dùn títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, nítorí kò sí ohun tó ń kú nínú méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì yè, etí sì ṣeé ràn lọ́wọ́.

Mo pe Ọ̀gá Ràímì, mo bi í pé ṣé òun náà kò gbọ́ fèrè ni. Ó kọ́kọ́ ń kí mi kiri, ó ń béèrè òtútù, ó ń béèrè ọkọ tí mi ò tíì fẹ́. Nígbà tí mo rọ̀ mọ́ ọn, ó ní òun gbọ́ ọ. Ó ní ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ti ní ó dákẹ́, ta lòun láti ní kò dákẹ́, pé ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi pààrọ̀ nọ́súlù tó ń tu dísẹ́ẹ̀lì dáadáa, tí òun tú tọ́bò tó ń fọn fèrè ọ̀hún, tí òun fọ̀ ọ́, tí òun dá a padà, tí òun sì ń bẹ Ọlọ́run kó bá òun jẹ́ kó dún létí yín. Màámi náà mọ̀. Wọ́n ní ó pẹ́ tí àwọn ti ń pariwo bá yín sọ̀rọ̀, àwọn rò pé ogbó lásán ni. Ọlọ́kadà ìkóríta wa mọ̀, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ó máa ń dúró kẹ́ ẹ sọdá tán, kò jẹ́ fọn fèrè sí yín. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù. Ọ̀wọ̀ tí gbogbo wa ń bù fún yín ló kù díẹ̀ kó gé Ọpẹ́lọpẹ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹ má rò pé àbùkù ni mo fi ń kàn yín ní gbangba. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ti bá ẹ́ńjìnnì gbé pẹ́, ẹ bi ìyàwó yín bóyá wọ́n ń pariwo fún yín, kẹ́ ẹ tó tú tọ́bò. Inú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, kò sí ohun tó dí ariwo rẹ̀ ju páánù pẹlẹbẹ kan lọ. Ibẹ̀ ni bàbá mi jókòó sí láti àárọ̀ dé alẹ́, kí n lè lọ sílé ìwé, kí ilé lè ní páánù, kí n lè rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀ wá síbí. Wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì Ọpẹ́lọpẹ́ lásìkò, kódà nígbà tí ọbẹ̀ wa kò ní ẹran. Ìdí nìyẹn tí ìdérí yẹn fi jókòó. Etí wọn nìkan ni kò sẹ́ni tó bá wọn tọ́jú. Bàbá, etí yín lẹ fi tọ́ wa, bí mo bá sì rántí, ara mi kì í gbà á.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ rèé. Ibì kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń yẹ etí wò, tí wọ́n sì ń ta irú nǹkan tí ọ̀gá wa fi ń gbọ́ràn, Ganíyù ti bá wọn sọ̀rọ̀. Kí Iléyá tó dé, ẹ jọ lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé lọ o, ẹ má wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n máa gbà ti wà lọ́wọ́ Màámi, ẹ má bi wọ́n pé èló ni, wọn ò ní sọ. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹ ò lè gbé nǹkan arúgbó sétí. Awò tí ẹ fi ń ka ìwé ìròyìn yìí ńkọ́, ṣé nǹkan ọmọdé ni? Ẹ sì bá mi sọ fún oníirin àlòkù yẹn pé kó gbé iná rẹ̀ sílé ná. Bó bá kanra, ẹ ní ọmọ yín ní Kánádà ló ní kó dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé nǹkan náà sétí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan Ọpẹ́lọpẹ́ ṣáájú yín. Ganíyù, má wẹ̀ ẹ́! Ẹ kírun Àsùbáà tán, ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, kí ẹ rí i pé ó tutù, kí ẹ sì tan án fúnra yín. Ẹ jẹ́ kó wúkọ́. Ẹ jẹ́ kí èéfín lọ. Kí ẹ wá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí fèrè kò bá dún, ẹ pe oníirin, kó máa gé e lọ, ẹ ò ní gbọ́ ohùn mi lórí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n bó bá dún, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ dúró jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ẹ má bojú wẹ̀yìn. Màámi á pè yín pé kẹ́ ẹ wá mu ẹ̀kọ kó tó tutù. Mo ti bẹ̀ wọ́n, wọn ò ní pariwo, wọn ò ní fọwọ́ kàn yín. Ẹ dá wọn lóhùn.

Ọlọ́run Ọba yóò dá ẹ̀yin méjèèjì sí fún wa, yóò fi ẹ̀mí gígùn àti ara líle jíǹkí yín. Iléyá tó ń bọ̀ á bá wa láyọ̀, a ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ bá mi kí gbogbo ará mọ́ṣáláṣí, ẹ kí àwọn ará Kúta àti Olúpọ̀nnà tí ẹ̀gẹ́ wọn ń dúró de Ọpẹ́lọpẹ́, ẹ kí ọlọ́kadà ìkóríta fún mi, ẹ ní mo dúpẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ máa ń gbé jókòó sórí ìdérí ẹ́ńjìnnì,
Sìdíkátù.